Ibi Tí Lọ́kọ́ja Kọjú Sí: Bí Òpópónà àti Ilé Ìlú Ìpàdé Odò Ṣe Ń Yí Padà

Lọ́kọ́ja, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí, fẹ̀yìn ti òkè, ó sì na ẹsẹ̀ sí omi. Òkè Patti, tó ga tó nǹkan bí 458 mítà, ló wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Odò Ọya ló wà níwájú rẹ̀ ní ìlà-oòrùn, níbi tí Odò Bẹ́núé ti ń dà wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà láàárín òkè àti odò kò fẹ̀, bí ọ̀já ìpọnmọ ló ṣe rí: tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìbú, gbọọrọ ní gígùn. Lórí ọ̀já ilẹ̀ yìí ni ìlú náà wà. Ìbàdàn tàbí Kánò lè fẹ̀ yíká bí omi tó dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n Lọ́kọ́ja kò rí ibi fẹ̀ sí. Gígùn ló ń gùn, síhà àríwá àti síhà gúúsù.

Ohun tó ń yí ojú ìlú padà kò lóǹkà: ogun, owó, ìjọba, ẹ̀sìn, àti ohun tí àwọn èèyàn ń fi kọ́lé. Ní Lọ́kọ́ja, ọ̀kan wà tó ju gbogbo wọn lọ. Ibi tí èrò bá ń gbà wọlé ni ìlú máa ń kọjú sí. Nígbà tí èrò ń gba omi wá, odò ni ìlú kọjú sí. Nígbà tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í gba títì wá, ìlú yíjú sí títì, ó sì kẹ̀yìn sí odò. Ẹni tó bá mú èyí lọ́wọ́ lè máa ka òpópónà Lọ́kọ́ja bí ẹní ka ìwé.

Orúkọ àdúgbò kì í purọ́

Kí òyìnbó tó tu ọkọ̀ dé, ilẹ̀ náà ní olùgbé. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, ọ̀kan lára ẹ̀yà Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Okun, ló ń gbé orí òkè àti ẹsẹ̀ òkè agbègbè náà títí di òní. Ìlú orí òkè bíi Àgbàjà wúlò púpọ̀ láyé ogun, nítorí pé kò rọrùn fún ẹlẹ́ṣin láti gun òkè olókùúta láìjẹ́ pé àwọn tó wà lókè ti rí i. Létí omi, àwọn apẹja àti ọlọ́kọ̀ ni wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀: Núpé, Kakanda, Ígálà, Bàsá. Ìsàlẹ̀ odò ni Ìdá wà, níbi tí Àtá, ọba Ígálà, ti ń pàṣẹ lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó yí ìpàdé odò náà ká.

Ìtàn orúkọ ìlú náà kò ṣọ̀kan. Àwọn kan ní èdè Haúsá ló ti wá, pé “loko” ni igi ìrókò, “ja” sì ni pupa, nítorí náà ìrókò pupa ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn gbà pé láti ẹnu àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ ló ti jáde. Èyí tó bá jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, àríyànjiyàn náà fúnra rẹ̀ fi hàn pé ìlú tí ọ̀pọ̀ èdè jọ tẹ̀ dó ni.

Orúkọ àwọn àdúgbò ló ṣe kedere jù. Karaworo gbé orúkọ Ọ̀wọ́rọ̀ lẹ́nu. Kabawa, lédè Haúsá, ni àwọn èèyàn Kẹ́bí. Zango ni ibùdó tí àwọn oníṣòwò tó ń rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ti máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ sinmi. Sarkin Noma ni oyè olórí àwọn àgbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn orúkọ tí òyìnbó mú wá dé: Cantonment, níbi tí àwọn ọmọ ogun ń gbé, àti Marine, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Oyè tí wọ́n ń pe ọba ìlú náà, Maigari, èdè Haúsá ni pẹ̀lú. Ilé lè wó, ọ̀nà lè yà, ṣùgbọ́n orúkọ máa ń pẹ́ kí ó tó kú. Bárékè lè kúrò níbì kan kí àwọn ọmọ ọmọ tí kò rí sójà níbẹ̀ rí ṣì máa pè é ní Cantonment.

Ìlú tó kọjú sí omi

Ní 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John fi ọkọ̀ kékeré gba Odò Ọya wá láti Búsà, wọ́n kọjá ìpàdé odò náà, wọ́n sì dé etíkun. Ìgbà náà ni àwọn ará Yúróòpù tó mọ̀ dájú ibi tí odò ńlá yìí ti ń wọ òkun. Láti ọjọ́ náà ni ìpàdé odò ti di ibi tí gbogbo wọn ń wò, nítorí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ló di ẹnu ọ̀nà méjì mú: ọ̀kan sí ilẹ̀ Núpé àti Haúsá, ọ̀kan sí ìhà Adamáwá.

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ láti kọ́ ilé síbẹ̀ kò yọrí sí rere. Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, gòkè odò. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Àtá, wọ́n sì dá oko àwòṣe kan sílẹ̀ nítòsí ibi tí Lọ́kọ́ja wà lónìí, pé kí òwò irè oko lè rọ́pò òwò ẹrú. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí ní 1821, wà lára àwọn tó bá àwọn ọkọ̀ náà lọ. Àwọn òyìnbó tí ibà pa láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lé ní 40. Nígbà tó fi di 1842, wọ́n ti pa oko náà tì.

Oògùn kan ló ṣí ọ̀nà náà padà. Ní 1854, William Balfour Baikie, oníṣègùn ọmọ Scotland, tu ọkọ̀ Pleiad wọ Odò Bẹ́núé, ó sì ń fún àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní kuníìnì lójoojúmọ́. Ibà kò pa òyìnbó kankan nínú wọn. Ó tún padà wá ní 1857. Ọkọ̀ rẹ̀, Dayspring, fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà, ṣùgbọ́n dípò kí ó padà sílé, ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìpàdé odò, ó sì tẹ̀ dó sí ẹsẹ̀ Òkè Patti ní nǹkan bí 1859. Ibẹ̀ ni Lọ́kọ́ja tí à ń wò lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Baikie la ọ̀nà, ó dá ọjà sílẹ̀, ó sì gba àwọn ẹrú tó sá wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ títí tó fi kú ní Sàró ní 1864, nígbà tó ń padà lọ sílé.

Ọ̀nà àti ọjà Baikie fi ìlànà kan lélẹ̀ tó pẹ́ kí ó tó kúrò. Etí omi ni ọjà wà, nítorí pé ọkọ̀ ló ń gbé ọjà wá. Ọ̀nà tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tó ti etíkun ọkọ̀ gòkè wá sínú ìlú. Ìhà tí odò wà ni wọ́n ń ka sí iwájú ilé. Ìhà òkè ni ẹ̀yìnkùlé.

Ìjọ CMS, àwọn ajíhìnrere láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà sún mọ́ omi. Crowther ti dá iṣẹ́ ìránṣẹ́ sílẹ̀ ní Gbẹ̀bẹ̀, ní òdìkejì odò, ní 1858. Nígbà tí ìjà oyè tú Gbẹ̀bẹ̀ ká láàárín 1860 sí 1870, ọ̀pọ̀ nínú àwọn onígbàgbọ́ ibẹ̀ ré odò wá sí Lọ́kọ́ja. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ Holy Trinity tó dàgbà níbẹ̀ wà lára àwọn ilé tí ará ìlú kọ́kọ́ máa ń tọ́ka sí bí àlejò bá béèrè ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà ni Irin Òmìnira wà: ọ̀pá irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí kò ní ẹwà kankan tí èèyàn lè fi kà á sí nǹkan. Ìtàn ìlú sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde òmìnira fún ẹrú. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìtàn náà yóò kọjá lára rẹ̀ láìwo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Ilé tí wọ́n kó wá nínú ọkọ̀

Ní 1886, ọba Gẹ̀ẹ́sì fún ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ní ìwé àṣẹ láti máa ṣòwò kí ó sì máa ṣàkóso lórí Odò Ọya. Lọ́kọ́ja ni wọ́n fi ṣe ibùdó àwọn ọmọ ogun wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbéra ní oṣù Kìíní 1897 lọ bá Bídà àti Ìlọrin jà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1900, wọ́n sọ àsíá ilé iṣẹ́ náà kalẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, wọ́n fa àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè, Frederick Lugard sì di aláṣẹ ilẹ̀ Àríwá Nàìjíríà.

Àwọn ọdún yìí ló bí irú ilé kan tí àwọn ará ìlú kò rí irú rẹ̀ rí. Ilé àwọn ará ìlú, amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, koríko ni wọ́n fi ń bò ó, ògiri rẹ̀ sì nípọn kí oòrùn má baà tètè wọlé. Ilé tí òyìnbó gbé dé, igi, irin àti páànù ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti gé gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, tí wọ́n ti lu ihò ìdè sí i, kí wọ́n tó dì í sínú ọkọ̀ òkun. Ní ẹnu odò, wọ́n á kó o bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn tó lè gòkè. Ìgbà tí omi bá kún, láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá, ni ọkọ̀ ńlá máa ń ráyè dé Lọ́kọ́ja. Nígbà tí ẹrù bá gúnlẹ̀, àwọn káfíńtà á to ilé náà pọ̀ láti orí òpó dé orí òrùlé.

Ẹni tó bá wo irú ilé bẹ́ẹ̀ fínnífínní yóò rí i pé ìbẹ̀rù ló fún un ní ìrísí rẹ̀. Òpó irin ló gbé e kúrò nílẹ̀, kí ọ̀rinrin àti ikán má baà dé ibi pákó, kí afẹ́fẹ́ sì máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Fàràndá gbígbòòrò yí i ká, kí oòrùn má baà kan ògiri tààrà. Fèrèsé rẹ̀ pọ̀, òrùlé rẹ̀ ga, ó sì ní ojú ihò tí ooru ń gbà jáde. Èrò àwọn oníṣègùn ìgbà náà ni pé afẹ́fẹ́ burúkú tó ń ti ilẹ̀ àbàtà jáde ló ń fa ibà. Nítorí náà, ẹni tó bá sùn lókè ni yóò bọ́. Ní 1897, Ronald Ross fi hàn pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Ilé náà kò yí padà púpọ̀, ṣùgbọ́n ìlú yí padà: ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ya ibùgbé òyìnbó sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Òfin ìlú tí Lugard ṣe ní 1917 sọ pé kí ilẹ̀ òfìfo tó tó 440 yáàdì, ìyẹn nǹkan bí 400 mítà, wà láàárín àwọn méjèèjì, pé ẹ̀fọn kì í fò jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Bí Lọ́kọ́ja ṣe di ìlú méjì nìyẹn. Ní apá kan, àwọn àdúgbò tí ilé fara ti ilé, tí ọ̀nà tóóró ń gba àárín agboolé kọjá, tí àgbàlá sì jẹ́ ibi ìdáná, ibi ìgbafẹ́ àti ibi ìgbéyàwó. Ní apá kejì, ilé tó dá dúró lórí ilẹ̀ gbígbòòrò, tí ọ̀nà rẹ̀ tẹ́jú, tí igi sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní apá ti òyìnbó, ọ̀nà ló ṣáájú ilé: wọ́n fi okùn wọn ilẹ̀, wọ́n la ọ̀nà, kí wọ́n tó gbé ilé sí i. Ní apá ti ará ìlú, ilé ló ṣáájú, ọ̀nà ni àlàfo tó ṣẹ́kù.

Lórí Òkè Patti, Lugard ní ilé ìsinmi kan tó ṣì wà níbẹ̀, nítòsí igi oṣè arúgbó kan tí àwọn èèyàn àtijọ́ gbẹ́ orúkọ sí lára. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń mú àlejò lọ, tí wọ́n á sọ fún un pé ibẹ̀ ni Flora Shaw, aya Lugard, dúró sí tó wo odò méjèèjì tó fi sọ orílẹ̀-èdè ní Nàìjíríà. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kò gbè é lẹ́yìn. Nínú ìwé ìròyìn The Times ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kìíní 1897, ni Shaw ti dá orúkọ náà lábàá. Ọdún 1902 ni òun àti Lugard ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Ibi tí ìran bá ti dára lójú ni ìtàn máa ń fẹ́ jókòó sí.

Lọ́kọ́ja tún jẹ́ ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọba tí wọ́n bá rọ̀ lóyè sí. Aliyu, Ẹ́míà Kánò, tí wọ́n mú ní 1903, Lọ́kọ́ja ló kú sí ní 1926. Kwassau ti Zaria àti Abubakar ti Bídà náà gbé ibẹ̀. Ibojì àwọn ọba yìí, ibojì àwọn òyìnbó, àti òpó ìrántí àwọn sójà tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní jẹ́ ẹ̀rí pé ìlú kékeré yìí ti jẹ́ ibi tí ọ̀ràn ńlá ti ń pàdé.

Rélùwéè yà á sílẹ̀

Ìlú tí omi bá sọ di ńlá, ọ̀nà mìíràn lè sọ ọ́ di kékeré. Ìjọba Lugard kò pẹ́ ní Lọ́kọ́ja. Wọ́n kó lọ sí Jẹ́bà, wọ́n tún kó lọ sí Zungeru ní 1902, kí wọ́n tó wá fìdí kalẹ̀ sí Kàdúná. Láàárín 1907 sí 1911, wọ́n la ojú irin láti Baro, lókè Lọ́kọ́ja lórí Odò Ọya, lọ dé Kánò. Kò pẹ́ tí èyí tó ti Èkó gba Jẹ́bà kọjá fi so mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, ẹ̀pà àti awọ Kánò kò nílò láti gba ìpàdé odò kọjá kí ó tó dé òkun. Ọkọ̀ ojú omi ṣì ń lọ, ilé iṣẹ́ òwò ṣì wà, Lọ́kọ́ja sì ṣì jẹ́ ibùjókòó àwọn alákòóso Kabba Province, ṣùgbọ́n ohun tí ń sáré ti dúró.

Ìdákẹ́jẹ́ yìí ṣe ìlú náà ní oore kan tí kò hàn lójú nígbà náà. Ilé àtijọ́ kì í sábà kú nítorí ogbó. Owó tuntun ló ń pa á. Níbi tí ilẹ̀ bá ti di wúrà, ilé àtijọ́ tó jókòó lé e di ìdènà. Èkó jẹ́rìí sí èyí. Ilojo Bar, ilé àwọn àgùdà tó wà ní Tinúbú láti 1855, tí ìjọba ti kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, ni wọ́n wó palẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Ní Lọ́kọ́ja, fún bí ọgọ́ta ọdún, kò sí ẹni tí ó ń kánjú láti wó ohunkóhun. Òṣì díẹ̀ ló bá wọn tọ́jú rẹ̀.

Ìlú yíjú sí títì

Nǹkan mẹ́ta ló jí Lọ́kọ́ja. Èkíní, ní 1976, ìjọba àpapọ̀ pinnu láti tẹ olú-ìlú tuntun dó sí Àbújá. Lọ́kọ́ja wá bọ́ sójú ọ̀nà láàárín Àbújá àti gúúsù orílẹ̀-èdè, tí afárá Murtala Muhammed ní Jámátá sì ń gbé ọkọ̀ kọjá Odò Ọya. Èkejì, iṣẹ́ ilé irin Ajaokuta bẹ̀rẹ̀ ní gúúsù ìlú náà. Ẹ̀kẹta ló le jù: ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991, ìjọba ológun Ibrahim Babangida yọ Ìpínlẹ̀ Kogí láti ara Kwara àti Benue, Lọ́kọ́ja sì di olú-ìlú rẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni ibùjókòó ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá.

Ìlú tí kò ní ju àwọn ọ́fíìsì díẹ̀ lọ wá nílò sẹ́kìtérìátì, ilé aṣòfin, ilé ẹjọ́, ilé àwọn òṣìṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ìjọba tuntun náà ṣe ni pé ó wọ inú ilé àwọn tó ti kọjá. Ilé ìjọba, níbi tí gómìnà wà, orúkọ tí wọ́n ń pè é ni Lugard House. Lókongoma, tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Phase I àti Phase II, di ibùgbé òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tó fi di ìkànìyàn 2006, iye èèyàn tó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Lọ́kọ́ja ti sún mọ́ 200,000. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ dé ní 2011.

Murtala Muhammed Way, tó gba àárín ìlú kọjá, di ẹ̀gbẹ́ tí gbogbo ènìyàn fẹ́ kọ́lé sí. Báńkì, ilé epo, ilé ìtura àti ṣọ́ọ̀bù tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ló kọjú sí ọkọ̀ tó ń kọjá. Ilé tó wà láàárín títì àti odò, tí fàràndá rẹ̀ ń wo omi tẹ́lẹ̀, wọ́n wá lu ilẹ̀kùn sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀yìn náà sì di iwájú. Ọjà Kpata, níbi tí ẹja àti irè oko ti ń bọ́ láti inú ọkọ̀, kò kúrò létí omi, ṣùgbọ́n Ọjà Àgbáyé tí wọ́n kọ́ nígbà tó yá, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n kọ́ ọ sí. “Ọ̀nà kan kò wọ ọjà,” ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí èrò bá ń gbà jù ni ọjà máa ń tẹ̀ sí.

Nítorí pé òkè àti odò há a mọ́ àárín, ìlú náà na apá sí Felele ní àríwá, ó nà á sí Ganaja ní gúúsù, ó sì ń kún Adankolo, Gadumo àti àwọn àdúgbò tó wà láàárín wọn. Bí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ṣe ń dìde kò ṣàjèjì sí ẹni tó ti ra ilẹ̀ rí. Oko ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ẹbí tó ni ín á gé e sí pílọ́ọ̀tì, àwọn awọnlẹ̀ á rì òpó sìmẹ́ńtì kéékèèké sí igun rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó kọ́lé síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò la ọ̀nà. Ẹsẹ̀ di ipa alùpùpù, ipa alùpùpù di ipa típà tó ń gbé yanrìn. Lẹ́yìn náà ni fẹ́ǹsì á dé, tí oníkálukú á sún tirẹ̀ síta ní ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì. Lẹ́yìn fẹ́ǹsì, ṣọ́ọ̀bù á yọ ojú jáde láti ara rẹ̀. Nígbà tí ìjọba bá fi máa mú gọ́tà àti ọ̀dà dé, àlàfo tó kù kò tó ọkọ̀ méjì mọ́. Ni àmì X pupa tí ìjọba fi ń sọ pé àwọn yóò wó ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára ògiri. Ìlànà àtijọ́ kò kú: ilé ṣáájú, ọ̀nà tẹ̀ lé e.

Ohun ìkọ́lé náà yí padà. Amọ̀ ti lọ, búlọ́ọ̀kù ti dé. Ní 2007 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀bàjànà, lórí ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀, nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Lọ́kọ́ja kan náà. Ó wà lára àwọn tó tóbi jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Láyé Lugard, láti òkè òkun ni wọ́n ti ń kó ilé wá sí Lọ́kọ́ja. Lónìí, ilẹ̀ Lọ́kọ́ja ni wọ́n ń wú, tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń kó lọ fi kọ́ ilé káàkiri Nàìjíríà. Búlọ́ọ̀kù lágbára ju amọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ tinrin, ó sì ń gba ooru sínú. Nínú ìlú tí òkè olókùúta ń tún oòrùn dà sí, ilé tuntun tí kò ní fàràndá, tí àjà rẹ̀ kò ga, kò lè ṣe láìsí fáànù. Bí iná bá lọ, ìta ni àwọn onílé ń bọ́ sí.

Títì náà kò dúró sójú kan. Láti 2006 ni iṣẹ́ ti ń lọ láti sọ ọ̀nà Àbújá sí Lọ́kọ́ja di ọlọ́nà méjì. Ní oríta Ganaja, níbi tí ọkọ̀ ti máa ń há, wọ́n ti gbé afárá sókè lórí títì. Ẹni tó bá wà lórí afárá náà ń wo òrùlé páànù tí àwọn tó kọ́ ọ kò retí pé ẹnikẹ́ni yóò wò láti òkè.

Omi rántí ọ̀nà rẹ̀

Ìlú lè kẹ̀yìn sí odò, ṣùgbọ́n odò kò kúrò. Ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá 2012, òjò ńlá àti omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti dáàmù Lagdo ní Kamẹrúùnù pàdé pọ̀, Odò Bẹ́núé àti Odò Ọya sì kún kọjá ààlà. Ilé tó wà ní Adankolo, Ganaja àti Sarkin Noma rì dé fèrèsé, àwọn mìíràn dé òrùlé. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2018. Ní 2022, omi gé ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tò sójú ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, àwọn èèyàn sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ibi tí mọ́tò ti ń sáré tẹ́lẹ̀. Ní gbogbo Nàìjíríà, àwọn tí omi ọdún náà pa lé ní 600.

Nígbà tí omi bá fà, ó máa ń fi ìwé sílẹ̀. Lára ògiri àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀, ìlà pupa bíi ti ilẹ̀ á yọ gbọọrọ láti igun kan dé èkejì, tí ọ̀dà òkè rẹ̀ á ṣì máa dán, tí ti ìsàlẹ̀ á ti ṣí. Onílé tó bá fẹ́ tún ilé kọ́ síbẹ̀ á kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ sílẹ̀ kí ìpìlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ilé á wá ga ju ọ̀nà lọ, ọ̀nà á sì di gọ́tà fún àwọn tí wọn kò lówó láti gbé ilẹ̀ tiwọn sókè. Ọgbọ́n tó wà nínú òpó irin ilé àwọn òyìnbó, pé kí a gbé ilé kí omi máa kọjá, kò sí ẹni tó ṣe é mọ́. Àgọ́ tí apẹja ìgbàanì máa ń pa létí omi, tó sì máa ń kó kúrò níbẹ̀ bí omi bá ń bọ̀, di ilé búlọ́ọ̀kù tí kò lè sún.

Ohun tó ń mú ilé àtijọ́ pẹ́

Láti 1979 ni òfin ti gbé ìtọ́jú ohun ìrántí orílẹ̀-èdè lé ọwọ́ àjọ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, National Commission for Museums and Monuments. Àjọ náà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Lọ́kọ́ja tó dá lórí ìtàn ìgbà ìjọba àmúnisìn. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kì í gbé òrùlé dúró, bí Ilojo Bar ti fi hàn. Àwọn ilé àtijọ́ tó ṣì dúró dáadáa ní Lọ́kọ́ja ní ohun kan tó pa wọ́n pọ̀: wọ́n rí iṣẹ́ ṣe. Lugard House di ibùjókòó gómìnà. Ní ilé ẹ̀kọ́ Holy Trinity, àwọn ọmọ ṣì ń kọ́ ìwé. Marine kò di ahoro, nítorí pé àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi Nàìjíríà, NIWA, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1997, fi Lọ́kọ́ja ṣe olú-ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ilé tí kò bá ní iṣẹ́, páànù rẹ̀ á kọ́kọ́ jò, pákó rẹ̀ á rà, ẹnì kan á yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ, kí ó tó di ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní ó léwu, kí wọ́n wó o.

Ohun kejì tó ń mú wọn pẹ́ ni ìtàn tí ará ìlú ń sọ nípa wọn. Irin Òmìnira kò wúlò fún ohunkóhun mọ́, kò sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tà á fún oníṣòwò irin. Igi oṣè orí Patti kò fún ẹnikẹ́ni ní owó orí, síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń gun òkè lọ wò ó.

Láti ibi tí igi náà wà, ẹni tó bá wo ìsàlẹ̀ yóò rí gbogbo ìlú náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Títì Murtala Muhammed nà láàárín rẹ̀, ó kún fún ọkọ̀ tó ń lọ sí Àbújá, Ọ̀kẹ́nẹ̀ àti Ajaokuta. Lẹ́yìn títì ni òrùlé, lẹ́yìn òrùlé ni omi. Lórí omi náà, ọkọ̀ onípákó tó ń fi ẹ́ńjìnnì sáré ń gbé èrò, alùpùpù àti ẹrù ọjà láti Shintaku ní òdìkejì wá sí etí Lọ́kọ́ja, ní ẹ̀gbẹ́ kan náà tí ọkọ̀ Baikie ti gúnlẹ̀.